Àwọn Eku Funfun Tí Ọláìtán Pààrọ̀

Ọláìtán kò fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún òun mọ́. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wá bẹ̀ ẹ́ wò nílé rẹ̀ ní Òsí, tí wọ́n fẹ́ dá orin sílẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè láti orí ibùsùn, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, ó ti rẹ òun. Ó ní òótọ́ kan wà nínú òun tó ti pẹ́ ju àìsàn yìí lọ, òun kò sì ní gbé e wọ sàréè. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní kí Ìbídùnní ìyàwó òun bá òun ránṣẹ́ pe ènìyàn méjì: Àbẹ̀bí, opó tó ń sin ewúrẹ́ ní Ìlọ́fà, àti Jonah, tó ń dáko ní abúlé kan lẹ́yìn Òbò-Ayégúnlẹ̀.  Ìbídùnní béèrè bóyá Jonah tí wọ́n lé kúrò nílùú nítorí ewúrẹ́ ni. Ọláìtán ní òun náà ni.

Àwọn méjèèjì dé. Jonah kọ àga tí wọ́n gbé fún un, ó fìdí lé àpótí kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àbẹ̀bí jókòó sí ìhà kejì, ó kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀. Láti ọdún tí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ti ṣẹlẹ̀, wọn kò tíì kí ara wọn.

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn,” ni Ọláìtán wí. “Bí ẹ bá dá mi dúró, ẹ̀rù á bà mí, màá sì tún parọ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ lókè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ẹran ọ̀sìn. Ó ní kòkòrò tó ń pa ẹran gan-an ni àwọn ń gbìn níbẹ̀. Àwọn á fi díẹ̀ sínú omi ẹran nínú ìgò kékeré, á pọ̀ sí i, àwọn á dà á sí ìgò ńlá, láti ibẹ̀ sínú àgbá. Nígbà tó bá pọ̀ tó, àwọn á fi fọ́màlínì pa á, oògùn tó ń ta ènìyàn lójú. Òkú kòkòrò yẹn ni wọ́n ń gún fún ẹran, kí ara rẹ̀ lè ti dá ọ̀tá mọ̀ kí ọ̀tá tó dé. Iṣẹ́ rere ni, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé táńkì irin kan dé, tó ga dé àjà. Dókítà Abdulkadir, ọ̀gá wọn, fi Ọláìtán ṣe alábòójútó rẹ̀. Ohun tó rọrùn nínú ìgò di ogun nínú táńkì. Bí ènìyàn bá mi ìgò, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ láti ìsàlẹ̀ táńkì, kí irin mìíràn sì máa rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Ìfófòó á ru sókè, á gun ara irin lọ, á gbẹ mọ́ abẹ́ ìdérí. Kòkòrò tó wà nínú ìfófòó gbígbẹ yẹn, fọ́màlínì kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni Dókítà ṣe kìlọ̀ pé lẹ́yìn tí àwọn bá da oògùn sí i, kí àwọn fa gbogbo rẹ̀ sínú táńkì kejì, kí èyí tó lẹ̀ lókè má baà já bọ́ sínú rẹ̀.

“Táńkì kejì bàjẹ́,” ni Ọláìtán wí. “Ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe kò tíì dé. Òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àìsàn ẹran ń bọ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń béèrè abẹ́rẹ́. Mo ní táńkì kan náà á tó, mo fi oògùn náà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀gá táńkì.”

Kí abẹ́rẹ́ tó jáde, wọ́n ní láti kọ́kọ́ gún un fún eku funfun. Bí eku bá yè, oògùn dára. Ní òwúrọ̀ tó lọ wò wọ́n, gbogbo wọn ti kú, wọ́n nà gbalaja.  Lẹ́yìn náà ó ju òkú wọn sínú iná tí wọ́n fi ń sun òkú ẹran, ó kó eku mìíràn tó yè láti ibi tí wọ́n ti ń sìn wọ́n, ó fi wọ́n rọ́pò. Nígbà tí Dókítà dé, àgbàdo ni eku ń jẹ. Dókítà gbá a léjìká, ó ní ó káre. Ọláìtán sì dúpẹ́.

Ìbídùnní bu omi fún un, ó ní ọ̀rọ̀ yìí tó báyìí, kó sinmi. Ọláìtán mi orí. Ó ní ibi tó burú jù kò tíì dé.

Díẹ̀ nínú abẹ́rẹ́ náà dé ìhà Òkè-Ẹ̀rọ̀. Jonah, ọmọ Ìlọ́fà, ni ìjọba gbà láti máa gún ẹran lágbègbè náà. Òun ló bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n gbà á, ọ̀dọ̀ Àbẹ̀bí ló sì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí obìnrin náà gbọ́kàn lé e. Kò pẹ́, ọrùn ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n ń mí gule gule, wọ́n ń ṣubú. Agbo Àbẹ̀bí tán. Àwọn kan ní Jonah fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ fún ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ọláìtán wá sílé fún Àjíǹde lọ́dún náà, àwọn àgbà Ìlọ́fà sì pè é síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Inú Jonah dùn nígbà tó rí i. Ó rò pé olùgbèjà òun ló dé. Wọ́n bi Ọláìtán, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe oògùn náà, bóyá ó lè jẹ́ pé oògùn ló bàjẹ́.

“Mo sọ fún wọn pé oògùn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe kò lè pa ewúrẹ́. Mo ní kí wọ́n bi ẹni tó gún un. Ẹ̀gbọ́n yìí, Jonah, ní kí n wo ojú àwọn kí n tún un sọ. N kò wo ojú wọn. Mo tún un sọ.”

 Àbẹ̀bí ló kọ́kọ́ mira. Ó yí padà sí Jonah, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ni òun kọ́kọ́ da erùpẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ tí wọ́n lé e kúrò nílùú, òun kò sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀. Jonah kò gbé e dìde, kò sì lé e. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

“Èmi náà ti gbà pé èmi ni mo pa wọ́n. Mo rò pé bóyá abẹ́rẹ́ mi dọ̀tí, bóyá mo gún un níbi tí kò yẹ. Ọdún mélòó ni mo fi ń rò ó?”

Ọláìtán ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí.”

“Inú yàrá kọ́ lo ti ba orúkọ mi jẹ́,” ni Jonah wí. “Bí o bá ṣì lè mí dé Ìlọ́fà, lọ sọ ọ́ níbẹ̀.”

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gbé Ọláìtán sínú mọ́tò. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, gbogbo kòtò ló ń dùn ún dé inú egungun. Wọ́n gbé e wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lórí àga. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó mẹ́nu kan eku, ó mẹ́nu kan irọ́ tó pa lójúde. Ó wo àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wọn bàjẹ́, kí wọ́n pariwo nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, nítorí bó bá ti jáde nílé, ọrùn ẹlòmíràn ló máa já lé. Ohùn rẹ̀ tán níbẹ̀.

Àwọn àgbà sún mọ́ Jonah láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n má ṣe é. Ó béèrè ibi tí wọ́n sin ìyá òun sí, nítorí nígbà tí ìyá náà kú, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó má wá.  Àbẹ̀bí ló ṣíwájú, ó mú un gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Láti inú mọ́tò ni Ọláìtán ti ń wo àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ tu koríko lórí sàréè náà. Jonah kò tíì dárí jì í. Awakọ̀ béèrè bóyá kí àwọn máa lọ. Ó ní kó dúró, kí wọ́n tu ú tán.