Ẹni Tó Ń Ta Ilé Kì Í Ra Kọ́tìnnì

Ẹ fìdí kalẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró. Kò sí dókítà tó sọ fún mi pé mo fẹ́ kú, ara mi le koko bí ẹsẹ̀ tábìlì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò padà sókè, àfi kí n pọ̀ ọ́. Tó bá ta sí yín lára, ẹ foríjì mí. Ṣebí torí àforíjì náà ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń bá ilé múra. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta ilé, tí ilé náà sì rí wúruwùru bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, èmi ni wọ́n máa pè. Màá kun ọ̀dà funfun, màá gbé àga onítìmùtìmù tá a yá wọlé, màá to ìwé tẹ́nikẹ́ni ò ní kà sórí pẹpẹ. Màá wá din àlùbọ́sà díẹ̀ káwọn tó fẹ́ rà á tó dé, kí ilé lè máa ta sánsán bíi pé ayọ̀ ló ń gbébẹ̀. Ọ̀gá mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kọ́kọ́rọ́ torí pé ìdì kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ máa ń dún wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé, ló sọ mí ní Pankéèkì. Ó ní ohun tí àtíkè pankéèkì ń ṣe fún ojú arẹwà àná ni mò ń ṣe fún ilé. Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Ẹ wo òmùgọ̀. Mo tiẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin kan tó wá wo ilé mú ápù oníke tí mo tò sínú abọ́, ó gé e jẹ. Ojú tì í láti tu ú dànù níṣojú ìyàwó rẹ̀, ló bá ń jẹ ike lẹ́nu, ó ń mi orí, ó ní ápù náà dùn. Mo sá lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ rẹ́rìn-ín. Ó ra ilé náà o. Ẹni tó bá lè gbé ike mì, kí ni kò ní gbé mì?

Ilé tí mo wá jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí kì í ṣe ilé òfìfo. Màmá kan ló ń gbénú rẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó wà nílẹ̀ òkèèrè, ló ni ilé, òun ló sì ní kí Kọ́kọ́rọ́ tà á. Àmọ́ kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní ìyá òun á sunkún, òun ò sì lè gba ẹkún lórí fóònù. Torí náà, kí n sọ fún Màmá pé òun ló ní kí n wá tún ilé ṣe fún wọn. Kọ́kọ́rọ́ ní, "Pankéèkì, má jẹ́ kí ìyá yẹn mọ̀ o. Tó bá mọ̀, ojú tó ti wú ló máa fi máa kí àwọn oníbàárà." Mo ní kò sí wàhálà. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i.

Màmá gbà mí bí ọmọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, mi ò tíì lanu tí abọ́ fi wà níwájú mi. Wọ́n ń tẹ̀lé mi láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń fọwọ́ kan ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ọ̀dà ń lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Wọ́n pe ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní apá kejì ìlú, pé kó wá wo bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ òun di ìyàwó tuntun. Ìyẹn náà ò mọ nǹkan kan.

Àga kan wà ní pálọ̀, níwájú fèrèsé. Ti ọkọ wọn tó ti kú ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ibi tí bàbá máa ń gbórí lé sì ti dúdú, ó ń dán fún òróró irun. Tó bá di ọ̀sán, Màmá á lọ jókòó síbẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ibi dúdú yẹn, wọ́n á máa tòògbé. Lójú tèmi, àga náà dà bí ẹni tó wọ ṣòkòtò yíya wá síbi ìgbéyàwó. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà. Màmá rò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan o, ọmọ mi. Kí wọ́n má fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Irọ́ ni. Inú yàrá tí Kọ́kọ́rọ́ ń kó ẹrù sí ni mo lọ sọ ọ́ sí, lẹ́yìn àwọn òdòdó oníke, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Tí Màmá bá béèrè rẹ̀, màá ní káfíńtà ò tíì parí rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ ra ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo sọ fún Màmá pé ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ni wọ́n, pé wọ́n kàn fẹ́ mọlé. Kíá ni mo rí i pé Màmá ń bá mi ta ilé ju àlùbọ́sà lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti kí káàbọ̀, tí wọ́n sì sọ ìtàn ilé fún, kì í fẹ́ lọ mọ́. Ni èmi ẹni burúkú yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, kó lè bá àwọ̀ kọ́tìnnì mu. Mo yan ibi tí wọ́n máa jókòó sí, kí oòrùn lè tàn sí ewú orí wọn. Ẹ gbọ́ mi yé o: mo gbé ìyá oníyàá kalẹ̀ bí ìgò òdòdó. Tọkọtaya kan wá, ìyàwó ń nu ojú. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ pé ilé yìí ní ìyá nínú. Ó bi Kọ́kọ́rọ́ bóyá kò ní dun Màmá láti fibẹ̀ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ní há, Màmá ti di ẹrù tán, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń lọ, ara wọn ti wà lọ́nà.

Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Nígbà tí tọkọtaya yẹn padà wá, ọkùnrin náà fa téèpù yọ, ó wọn ògiri pálọ̀. Màmá rí i. Wọ́n sin àwọn yẹn dé ẹnu ọ̀nà. Mo wà lórí àkàbà ní yàrá wọn, mò ń kọ́ kọ́tìnnì tó kù. Màmá ló di àkàbà mú fún mi kí n má bàa ṣubú. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n fẹ́ ta ilé yìí ni?" Ká ní mo sọ òótọ́ ni, ọmọ wọn obìnrin ì bá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà, torí pé tọkọtaya yẹn ò tíì sanwó. Ààyè ṣì wà. Mo mọ̀ pé ààyè ṣì wà. Àmọ́ ẹnu mi tó máa ń yá bọ́ síwájú mi, mo ní, "Màmá, ẹni tó ń ta ilé kì í ra kọ́tìnnì tuntun." Wọ́n rò ó wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Òótọ́ kúkú ni. Rọra máa sọ̀ kalẹ̀." Wọn ò jọ̀wọ́ àkàbà náà títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀.

Tọkọtaya yẹn sanwó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù dé láti kó Màmá kúrò, ọmọ wọn obìnrin ń sunkún lórí fóònù, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò lè tún sọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi wá kó àga tá a yá. Nígbà tí mo kó o tán, ilẹ̀ ni Màmá jókòó sí, torí kò sí ìjókòó mọ́ nílé. Mo rò pé wọ́n máa gbé mi ṣépè. Àfi bí wọ́n ṣe ní, "Wọ́n tan ìwọ náà jẹ, àbí? Ìwọ tó o fọwọ́ ara rẹ kọ́ kọ́tìnnì fún mi." Mo mi orí. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí, mo mi orí, mo tún fọwọ́ nu ojú. Wọ́n ká kọ́tìnnì yàrá wọn, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ fi kọ́ yàrá tèmi. Ojú fèrèsé mi ló wà títí dòní. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun lohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rí.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ yẹn mọ́. Tí àlùbọ́sà bá ti ń ta sánsán, màá bọ́ síta. Mo kúrò lọ́dọ̀ Kọ́kọ́rọ́, mo gbé àga ọkọ Màmá jáde nínú yàrá ẹrù rẹ̀, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ káfíńtà lóòótọ́, mo ní kó tún un ṣe tinú tòde. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn, ó fi fáníìṣì pa igi rẹ̀, ó fi aṣọ tuntun bò ó, ó kan ìṣó olórí wúrà mọ́ ọn yíká. Mo wọ aṣọ tó dáa jù lára aṣọ mi, mo ru àga náà lórí gba àárín ìgboro. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ọba wo ló ń wá ibi tó máa jókòó sí kiri.

Inú yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni Màmá wà. Mo gbé àga kalẹ̀ síwájú wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, wọn ò tàn mí jẹ. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀." Wọn ò wò mí. Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́ sí ibi ìgbórílé àga náà, wọ́n ń fi ọwọ́ wá nǹkan kan, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan iná nínú òkùnkùn. Wọ́n ní, "Ibi tí orí Bàbá máa ń wà dà?" Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé wọ́n ní kí wọ́n má fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀. Mo ní mo ti ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ sí tuntun. Màmá mú ọwọ́ kúrò. Wọ́n ní, "O tún ti kun èyí náà." Wọ́n kọ̀yìn sí mi, ọmọ wọn sì ṣílẹ̀kùn ìta fún mi.

Mo sáré dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, aṣọ mi tó dáa jù ló ṣì wà lọ́rùn mi, mò ń fọwọ́ wa ìdọ̀tí igi kiri, mò ń wá aṣọ àtijọ́ àga náà. Ó bi mí bóyá orí mi pé, pé àkísà tóun fi ń nu ọwọ́ ni mò ń wá. Mo ní òun gan-an ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wọ iṣẹ́ yìí bọ̀, ẹ kun ilé o, ẹ din àlùbọ́sà. Ẹni tó bá jẹ ápù oníke, ọ̀rọ̀ eyín rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tí ẹni tó bá yín di àkàbà mú bá béèrè òótọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ sọ ọ́. Èmi tún ń padà lọ sọ́dọ̀ Màmá lónìí. Aṣọ iṣẹ́ mi ni mo wọ̀. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Tẹ́ ò bá tíì lè ṣe é, ó yé mi. Aṣọ àga yẹn wà lọ́wọ́ mi. Fáníìṣì ti ta sí i lápá kan, àmọ́ ibi dúdú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fọ̀ ọ́.