Ẹkún Ìyàwó Tí Mo Túmọ̀ fún Títí

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ìgbéyàwó Títí, ọmọ ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan. Ǹ bá má sọ ọ́ rárá, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé ní Lanham, l'Amẹ́ríkà níbí, ó ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ìyá Títí ṣẹ̀ mí. Òun ló gba kíláàsì Yorùbá àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sọ ìdí. Òun ló ń pè mí ní "Ọ̀jọ̀gbọ́n" níwájú èèyàn. "Yorùbá ló kà ní yunifásítì. Àwọn arúgbó tó ń wẹ̀ fún níbi iṣẹ́, ṣé ewì ló ń kà fún wọn?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku díẹ̀, ó kọ ẹkún ìyàwó kan sínú ìwé kí Títí kà á lọ́jọ́ ìdáná, bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Títí sí. Ó lè ka Yorùbá jáde lẹ́nu, àmọ́ kò gbọ́ ọ. Mo lọ gbé e ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, ó fa ìwé náà yọ nínú mọ́tò mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú Mọ́mì dùn níbí, àbí inú wọn bàjẹ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Ẹ dá mi dúró, ẹsẹ̀ mi wúwo lẹ́nu ọ̀nà." Mo ní ìbànújẹ́ ni látòkè délẹ̀. N kò purọ́. Ohun tí mo fi pamọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹkún ìyàwó ṣe rí. Ìyàwó tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ jù lọ náà a máa sun ún. Òun ló fi ń dágbére fáwọn òbí rẹ̀.

Títí ní, "Mọ́mì ò fẹ́ kí n lọ́kọ, wọ́n wá fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́." Kò kà á lọ́jọ́ náà, ó dá ìwé náà padà fún ìyá rẹ̀ láìsọ ìdí. Láti ìgbà tó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Brandywine, kì í gbé fóònù ìyá rẹ̀.

Ìwé yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀ gbé wá fún mi. "Ìwọ lo kàwé ẹ̀. Jọ̀ọ́, kí ni mo kọ tó burú?"

Mo tún un kà. Ibi tó ti rú mi lójú nìyí, ẹ jọ̀ọ́. Ìwúre la fi ń parí ẹkún ìyàwó. Èyí kò ní ìwúre kankan. Ẹnu ọ̀nà ló parí sí. Ṣé ó gbàgbé ni, àbí kò fẹ́ kọ́mọ náà lọ lóòótọ́? N kò lè bi í, torí yóò mọ ohun tí mo ṣe.

Mi ò tíì dárí ji ìyá Títí. Bí ẹ bá máa bú mi, ẹ bú mi nítorí Títí. Mo fẹ́ pè é kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé Mọ́mì fẹ́ kí n lọ?", ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?